Ṣòkòtò Àgbàbọ̀ ni Àdéhùn Ilẹ̀ Wa

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ti gírámà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ewì. Ọ̀rọ̀ òfin ni. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí bẹ́ẹ̀ sọ pé kí àwọn lọ́yà máa bá a lọ. Lójú tèmi, ibi tí òfin ti ń pa wá lára jù lọ ni ibi tí ó ti kan èdè, èdè sì ni iṣẹ́ tí mo yàn láàyò.

Àwọn baba wa ní ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ ènìyàn; bí kò bá fún ni lẹ́sẹ̀, yóò ṣo ni; rẹ́múrẹ́mú ni ohun ẹni ń bá ni mu. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí bá òfin àdéhùn tí a jogún lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wí. Wọn á ní àgbàbọ̀ ni, kí a bọ́ ọ sọnù. Èmi kò bá wọn dé ibẹ̀. Kò sí orílẹ̀-èdè tí kì í yá òfin lò. Ohun tí kò dára ni kí ènìyàn yá ṣòkòtò, kí ó má gbé e dé ọ̀dọ̀ aránṣọ rí, kí ó wá lé ní 160 ọdún kí ó ṣì máa wọ́ ọ nílẹ̀ kiri. Aránṣọ tí mò ń wí yìí ni èdè.

Bí a ṣe ń ta ilẹ̀ ní Lotto

Ẹ jẹ́ kí a gba Lotto lọ, lẹ́bàá Mowe, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà náà ní 1978 ni àwọn ará Èkó ti ń wá ilẹ̀ rà ní agbègbè yìí, láti Ibafo dé Mowe àti kọjá ibẹ̀. Ní apá kejì, lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ifo náà ń gba àlejò. Ibi tó jẹ́ oko ẹ̀gẹ́ lánàá ti di àdúgbò lónìí. Àwọn tó ń ra ilẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe olówó ńlá. Olùkọ́ ni wọ́n, awakọ̀ ni wọ́n, nọ́ọ̀sì àti oníṣòwò ni wọ́n, àwọn ẹni tó fi ọ̀pọ̀ ọdún dá àjọ kí wọ́n tó rí owó pọ́ọ̀tù kan kó jọ.

Ẹ wo bí ọjà náà ṣe ń lọ. Olùrà àti àjẹ́ntì yóò lọ bá ẹbí tó ni ilẹ̀. Yorùbá ni wọn yóò fi kí ara wọn. Yorùbá ni wọn yóò fi ná an. Yorùbá ni olórí ẹbí yóò fi sọ ìtàn ilẹ̀ náà: ẹni tó kọ́kọ́ dá oko síbẹ̀, ibi tí ààlà gbà, ẹ̀ka ẹbí tó ni apá ọ̀tún àti èyí tó ni apá òsì. Bí obì àti ọtí bá wà, Yorùbá ni wọn yóò fi wúre lé wọn lórí. Lẹ́yìn gbogbo èyí ni ẹnì kan yóò wá fa ìwé kan yọ, ìwé tí a ti tẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú, tí a ń pè ní agírímẹ́ǹtì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni. Bàbá olórí ẹbí yóò tẹ̀ka. Àwọn àgbà ẹ̀ka yóò tẹ̀ka. Olùrà tó lè ka ìwé ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì dáadáa yóò fojú fò ó, yóò sì buwọ́ lù ú, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì inú ìwé náà kì í ṣe irú èyí tí wọ́n kọ́ ọ ní ilé ìwé.

Mo ti ka ọ̀pọ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ nítorí pé àwọn ará àdúgbò a máa gbé e wá pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn. Mo ti rí èyí tó kọ ọ́ pé ilẹ̀ náà di ti olùrà ní «fee simple». Ọ̀rọ̀ yìí jáde láti inú ètò ilẹ̀ àwọn ọba Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ jẹ́ ti ọba, tí àwọn ìjòyè sì ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni ó wá ṣe lórí ilẹ̀ ẹbí kan ní Lotto, nínú orílẹ̀-èdè tí Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, tó sì jẹ́ pé ẹ̀tọ́ láti máa gbé orí ilẹ̀ ni ohun tí ènìyàn ní? Ẹni tó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó tẹ̀ka sí i kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó san owó kò mọ̀ ọ́n. Síbẹ̀, bí ìjà bá dé, ìwé náà ni ilé ẹjọ́ yóò gbé lé iwájú kí ó tó béèrè ohun tí àwọn ènìyàn fi ẹnu sọ fún ara wọn.

Ìjà kì í pẹ́ dé. Ẹ̀ka ẹbí kejì yóò jáde pé ẹnikẹ́ni kò pe àwọn síbi títà náà. Òfin ní ìdáhùn sí èyí, ìdáhùn náà kò sì ṣòro. Ní 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí ọwọ́ olórí ẹbí nínú rẹ̀, títà náà kò dúró rárá. Bí olórí ẹbí bá sì tà á láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ẹ̀ka, àwọn àgbà náà lè lọ sí kóòtù láti dà á rú. Gbólóhùn méjì péré ni mo fi sọ ọ́ ní Yorùbá. Ta ló sọ ọ́ fún olùrà kí ó tó kó owó àjọ rẹ̀ kalẹ̀? Kò sí. Inú ìwé òfin ni ó wà, ní Gẹ̀ẹ́sì, láti 1959.

Ọ̀nà tí òfin náà gbà dé

Ní 1861 ni Ọba Dòsùnmú fi Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Kò ju ọdún méjì lọ tí òfin kan ti 1863 fi sọ pé òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ní 1876, òfin tó dá ilé ẹjọ́ gíga sílẹ̀ níbẹ̀ la ọ̀nà náà sí i: ó gba òfin àtọwọ́dọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì wọlé, ó sì ní kí a máa lo òfin ìbílẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti tako ìdájọ́ òdodo àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ẹ̀rí ọkàn ta ni? Ti adájọ́ òyìnbó ni. Òfin kan náà fi kún un pé bí a bá rí i láti inú irú òwò tí àwọn ènìyàn ṣe pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fẹ́ kó darí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni nínú wọn má tún sá pamọ́ sábẹ́ òfin ìbílẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí dáadáa. Àṣà kíkọ ìwé ní èdè àti lọ́nà àwọn Gẹ̀ẹ́sì lè di ẹ̀rí pé òfin Gẹ̀ẹ́sì ni o yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé o kò mọ̀ pé o yan ohunkóhun.

Nígbà tó di 1959, àwọn aṣòfin Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ wa fúnra wọn, ní àǹfààní láti tún aṣọ náà rán. Wọ́n ṣe òfin tiwọn lórí ohun-ìní àti ìwé ìyílẹ̀padà. Inú òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti 1925 ni wọ́n ti gbé púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìpín 67 nínú rẹ̀ sọ pé àdéhùn lórí ilẹ̀ kò ṣe é gbé lọ sí ilé ẹjọ́ àfi bí ó bá wà ní kíkọ, tí ẹni tí a ń pè lẹ́jọ́ tàbí aṣojú rẹ̀ sì ti buwọ́ lù ú. Òfin 1925 yẹn náà jogún ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti inú òfin kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní 1677 láti dènà jìbìtì. Ní 1989, àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn pa ìpín yẹn rẹ́, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ tó jáde láti ara Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn, Ògùn pẹ̀lú wọn, ló jogún òfin 1959. Olówó aṣọ ti pààrọ̀ tirẹ̀. Ayálò ló ṣì ń fi àlòkù rẹ̀ ṣe fújà.

Ṣé a kò ní òfin àdéhùn tẹ́lẹ̀ ni? A ní in, ó sì kún fún ọ̀rọ̀. Ẹni tó ra ọjà tí kò tí ì san owó ra á ní àwìn. Ẹni tó fi ohun-ìní rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ olówó fi í dógò. Ẹni tó fi iṣẹ́ ara rẹ̀ tàbí ti ọmọ rẹ̀ san èlé owó tí ó yá di ìwọ̀fà tàbí fi ọmọ ṣe ìwọ̀fà. Ẹni tó dúró fún gbèsè ẹlòmíràn ni onígbọ̀wọ́. Ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn oníṣòwò aṣọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí à ń pè ní Òṣómàáló gbé aṣọ fún ènìyàn ní àwìn láti ìlú dé ìlú, orúkọ wọn gan-an ló sì sọ bí wọn yóò ṣe gba owó náà: wọn yóò lóṣòó tì ọ́ títí wọn yóò fi gba owó wọn. Bí a bá fi ilẹ̀ dógò, kò sí iye ọdún tó lè sọ ọ́ di títà. Ìgbàkigbà tí onílẹ̀ bá rí owó san ni yóò gba ilẹ̀ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tilẹ̀ gbà pé títà ilẹ̀ lábẹ́ òfin ìbílẹ̀ dúró láìsí ìwé kankan, bí a bá ti san owó níwájú ẹlẹ́rìí, tí a sì ti fa ilẹ̀ lé olùrà lọ́wọ́.

Ẹ wo ìyàtọ̀ tó wà láàárín tà, yá, fi dógò, àti gbà fún ìṣákọ́lẹ̀. Kò sí àgbà kan ní Ògùn tí yóò ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Gbé wọn sínú agírímẹ́ǹtì tí a tẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo wọn á dà rú mọ́ ara wọn. Lẹ́yìn ogún ọdún, ọmọ ẹni tó gba ilẹ̀ fún ìṣákọ́lẹ̀ yóò ní bàbá òun rà á ni, ìwé yóò sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè túmọ̀ ní àtúnmọ̀ kan ṣoṣo.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan pàápàá ti rí ewu yìí. Ní 1921, nínú ẹjọ́ tí Olóyè Àmọ́dù Tìjání, Olúwa ti Èkó, pe ìjọba nítorí ilẹ̀ Àpápá, Viscount Haldane ti Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù kìlọ̀ fún àwọn adájọ́ pé kí wọ́n ṣọ́ra, kí wọ́n má ṣe máa fi èrò àti ọ̀rọ̀ tó dàgbà nínú òfin Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ bí àwọn ènìyàn ibòmíràn ṣe ní ilẹ̀. Olóyè náà ló jàre. Ó ti lé ní 100 ọdún tí ìkìlọ̀ náà ti wáyé. A kò gbọ́. Títí di òní, lábẹ́ Òfin Ẹ̀rí ti 2011, bí kì í bá ṣe àṣà tí ilé ẹjọ́ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ gbára lé òfin ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ mú ẹlẹ́rìí wá kí ó tó lè fi hàn pé ó wà. Ẹnikẹ́ni kì í mú ẹlẹ́rìí wá láti jẹ́rìí pé òfin Gẹ̀ẹ́sì wà. Àlejò ló jókòó sórí àga, onílé ló ń wá onígbọ̀wọ́.

Bí àwọn ará Jàpáànì ṣe rán tiwọn

Nígbà tí mo bá sọ báyìí, àwọn kan á ní ibi gbogbo ni òyìnbó ti fi òfin rẹ̀ lélẹ̀, kò sì sí ohun tí a lè ṣe sí i. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a wo Jàpáànì.

Ní 1858, àwọn orílẹ̀-èdè alágbára fi ipá mú Jàpáànì buwọ́ lu àwọn àdéhùn tí kò bá a dọ́gba. Ọ̀kan nínú ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ará òkèèrè tó bá dẹ́ṣẹ̀ ní Jàpáànì, aṣojú orílẹ̀-èdè tirẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó lè bọ́ nínú àjàgà yìí, wọ́n gbọ́dọ̀ ní òfin tí àwọn òyìnbó yóò kà sí òfin. Òfin tiwọn náà kò wá ní ìrọ̀rùn, ipá ló bí i.

Wọ́n pe onímọ̀ òfin kan láti ilẹ̀ Faransé, Gustave Boissonade, tó dé ibẹ̀ ní 1873. Òun ló ṣe olórí iṣẹ́ kíkọ ìwé òfin ìbágbépọ̀ tí wọ́n kéde ní 1890, tí ó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1893. Ṣùgbọ́n ariwo sọ. Hozumi Yatsuka kọ̀wé ní 1891 pé bí òfin yẹn bá dé, ìfọkànsìn àti ọ̀wọ̀ fún òbí yóò kú. Ní 1892 wọ́n sún un síwájú. Ní 1893 wọ́n yan àwọn ọmọ Jàpáànì mẹ́ta láti tún un kọ: Hozumi Nobushige, ẹ̀gbọ́n Yatsuka yẹn gan-an, tó kàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì, Tomii Masaakira àti Ume Kenjiro, tí àwọn méjèèjì kàwé ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n gbé ìwé òfin tí àwọn ará Jámánì ṣì ń kọ lọ́wọ́ nígbà náà kalẹ̀, wọ́n gbé iṣẹ́ Boissonade kalẹ̀, wọ́n wo òfin Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì mú ohun tó bá wọn lára mu. Ní 1898 ni òfin náà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún.

Nítorí náà, òfin àdéhùn wọn kì í ṣe ti ìbílẹ̀ pọ́ńbélé. Àgbàbọ̀ ni, láti ẹsẹ̀ dé ìbàdí. Ṣùgbọ́n èdè wo ni wọ́n fi kọ ọ́? Èdè Jàpáànì ni. Ṣáájú gbogbo èyí ni Mitsukuri Rinsho ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìtúmọ̀ àwọn òfin Faransé ní nǹkan bí 1869. Ọ̀pọ̀ èrò inú òfin náà kò ní orúkọ ní èdè wọn. Wọ́n ṣẹ̀dá orúkọ. Láti ara irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni fudōsan ti jáde, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ilẹ̀ àti ilé: fu dúró fún àìṣe, dō dúró fún ìṣípòpadà, san dúró fún ohun-ìní. Ohun-ìní tí kì í ṣípò. Lónìí, ara pátákó àwọn tó ń ta ilé ní Tokyo ni ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn ará Ṣáínà àti Kòríà pàápàá yá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn.

Ẹjọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan yóò jẹ́ kí ìyàtọ̀ wa hàn kedere. Ní 1854 ni wọ́n dá a, Hadley àti Baxendale ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀pá ẹ̀rọ kan kán ní ilé ìlọkà kan ní Gloucester. Àwọn onílé ìlọkà gbé e fún àwọn akẹ́rù kí wọ́n gbé e lọ fún ẹni tí yóò fi rọ òmíràn. Àwọn akẹ́rù fi falẹ̀, ilé ìlọkà sì wà ní títì. Ta ni yóò san èrè tí wọ́n pàdánù? Ilé ẹjọ́ ní ẹni tó ba àdéhùn jẹ́ yóò san àdánù tó sábà máa ń tẹ̀lé irú ìbàjẹ́ bẹ́ẹ̀, àti èyí tí àwọn méjèèjì ti ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe àdéhùn. Àdánù àrà ọ̀tọ̀ tí a kò jẹ́ kó mọ̀ kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ìlànà yìí wúlò ní Lotto. Bí o bá san owó búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, tí oníbúlọ́ọ̀kù kò kó o dé lọ́jọ́ tó dá, tí àwọn bíríkìlà jókòó tí o sì sanwó iṣẹ́ fún wọn lásán, ohun tí kóòtù yóò béèrè ni bóyá oníbúlọ́ọ̀kù mọ̀ pé wọ́n ń dúró dè é. Nítorí náà, sọ ọ́ fún un kí o tó sanwó.

Ẹjọ́ kan náà yìí rìnrìn àjò lọ sí Tokyo àti sí Èkó. Ní Tokyo, ó di ìpín 416 nínú ìwé òfin wọn, gbólóhùn méjì ní èdè Jàpáànì, tí akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò lè ṣí wò. Ní Èkó àti ní Ògùn, ó ṣì ń jẹ́ Hadley àti Baxendale, inú ìwé àwọn lọ́yà ló sì ń gbé. Òfin kan náà, ibi kan náà ló ti wá. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan kọjá lọ́dọ̀ aránṣọ.

N kò sọ pé ti Jàpáànì pé. Èdè àtijọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé òfin náà ṣòro fún ará ìlú títí wọ́n fi tún apá tó kan àdéhùn kọ ní èdè òde òní ní 2004. Wọ́n tún ṣe àtúnṣe ńlá sí òfin àdéhùn fúnra rẹ̀ ní 2017, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2020. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: àwọn ń tún tiwọn ṣe lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta, àwa kò tí ì bẹ̀rẹ̀ ti àkọ́kọ́.

Àwọn àtakò

Wọn á ní Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tó tó. Èmi onímọ̀ èdè ni ẹ fẹ́ sọ èyí fún? Ní 1984 ni ìdìpọ̀ àkọ́kọ́ ìwé èdè-ìperí Yorùbá jáde lábẹ́ ìtọ́sọ́nà Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé. Ní 1990 ni èkejì tẹ̀lé e lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládélé Awóbùlúyì. Ní 1991, ìjọba àpapọ̀ tẹ ìwé ọ̀rọ̀ ìṣòfin jáde ní Gẹ̀ẹ́sì, Haúsá, Ìgbò àti Yorùbá. Àìlò ló ń bá wa jà, kì í ṣe àìní. Wọ́n ní «free from encumbrances» kò ṣe é túmọ̀. Kò sí gbèsè lórí rẹ̀, kò sí ìdógò, kò sí ẹjọ́. Kí ló kù? Èyí tó nira díẹ̀ ni «consideration», ohun tí òfin Gẹ̀ẹ́sì ní a gbọ́dọ̀ fi ra ìlérí kí ìlérí tó lè de ẹni tó ṣe é. Àwọn ará Jàpáànì wò ó, wọn kò sì gbà á wọlé rárá. Àwa gbà á láì béèrè. Bí a óò bá máa lò ó, ẹ jẹ́ kí a pè é ní ohun ìràlérí, kí ẹni tó ń tẹ̀ka lè mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

Wọn á ní Jàpáànì kò bọ́ sábẹ́ ìjọba amúnisìn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti 1960, ọwọ́ ta ni ọ̀bẹ wà?

Àtakò tó lágbára jù ni pé Mowe àti Ibafo kì í ṣe ti Yorùbá nìkan mọ́. Ìgbò wà níbẹ̀, Ẹ̀gùn wà níbẹ̀, Haúsá àti àwọn mìíràn wà níbẹ̀, wọ́n sì ń ra ilẹ̀. Wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kò ṣojúsàájú. Mo bọ̀wọ̀ fún àtakò yìí, nítorí pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èdè Yorùbá rẹ́ àlejò jẹ. Ṣùgbọ́n ìwé tí kò yé olùtà tí kò sì yé olùrà kì í ṣe èyí tí kò ṣojúsàájú. Ẹni kẹta ló ń ṣojúsàájú fún, ẹni tó mọ̀ ọ́n kà. Kí ìwé wà ní èdè olùtà àti ní èdè olùrà, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Bí olùrà bá fẹ́ Ìgbò, kí a kọ ọ́ ní Ìgbò.

Àwọn mìíràn á ní òfin kúkú wà tó ń dáàbò bo aláìmọ̀wé: ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹni tó ń jẹ́ aláìmọ̀wé. Nínú ẹjọ́ ilé iṣẹ́ S.C.O.A. àti Okon ní 1959, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Ìjọba Àpapọ̀ wò ó pé aláìmọ̀wé ni ẹni tí kò lè ka èdè tí a fi kọ ìwé náà ní àkàyé, tí kò sì lè fi èdè náà kọ èrò ọkàn rẹ̀. Àánú ló wà nínú ìdájọ́ yẹn, nítorí ó fẹ̀ ẹ̀yìn òfin náà kí ó lè bo ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ẹ ro ìtumọ̀ rẹ̀ wò. Bàbá tó ń ka Aláròyé dé ojú ewé ìkẹyìn, tó ń kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe akọ̀wé ẹgbẹ́ ní ìlú rẹ̀, aláìmọ̀wé ni níwájú ìwé ilẹ̀ baba rẹ̀. Kì í ṣe bàbá náà ló kùnà. Ìwé ni kò mọ bàbá.

Ohun tí mò ń béèrè

Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́, kí Ilé Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sàn ṣe òfin pé ìwé títà ilẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní èdè tí olùtà àti olùrà ń kà, kí ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sì ní agbára kan náà. Ìpín 97 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 fún Ilé náà láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì nínú iṣẹ́ rẹ̀, bí wọ́n bá fẹnu kò lé e lórí. Ní 2016, ìjọba Ògùn ṣe òfin líle lòdì sí àwọn tó ń fi ipá gba ilẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fi ìwé gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ńkọ́? Ní 2018, Èkó ṣe òfin láti gbé èdè Yorùbá lárugẹ. Kí Ògùn gbé tirẹ̀ kọjá ilé ìwé, kí ó gbé e dé ibi tí owó ti ń pààrọ̀ ọwọ́.

Èkejì, kí àwọn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ òfin àti ti èdè Yorùbá ní àwọn yunifásítì wa jókòó pọ̀, kí wọ́n tẹ àwọn ẹ̀dà ìwé àdéhùn jáde tí ẹnikẹ́ni lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti gbìyànjú ti ilẹ̀ báyìí:

«Àwa ẹbí Lágbájá, tí olórí ẹbí wa àti àwọn àgbà gbogbo ẹ̀ka wa buwọ́ lu ìwé yìí, ta ilẹ̀ tí a ya àwòrán rẹ̀ mọ́ ìwé yìí fún Làkáṣègbè. A tà á ni. A kò fi í dógò, a kò fi í fún un fún ìṣákọ́lẹ̀. A ti gba iye owó tí a kọ síhìn-ín níwájú àwọn ẹlẹ́rìí. Kò sí gbèsè, ìdógò tàbí ẹjọ́ kankan lórí ilẹ̀ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá jáde pé òun ló ni ín, àwa ni a ó dáhùn. Bí a kò bá lè gbà á sílẹ̀, a ó dá gbogbo owó padà, pẹ̀lú iye tí olùrà ti ná lórí rẹ̀. Olùrà mọ̀ pé ìfọwọ́sí gómìnà kù kí ìwé yìí tó pé lójú òfin. A ó sì ràn án lọ́wọ́ láti gbà á.»

Kí lọ́yà rere bá wa tún un ṣe. Ṣùgbọ́n kí ó má sọ pé kò ṣe é kọ, nítorí ẹ ti kà á tán báyìí, ó sì yé yín.

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ka ojú ewé yìí. Bí àwọn òbí yín bá ń ra ilẹ̀ ní Mowe, ní Ifo tàbí níbikíbi, ẹ béèrè fún ẹ̀dà Yorùbá kí owó tó jáde. Bí àjẹ́ntì bá ní kò sí, ẹ jókòó, kí ẹ kọ ọ́, kí ẹ kà á sétí gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ka sí i pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì, kí lọ́yà sì wò ó. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ sílẹ̀. Àmọ́ kí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ tí a sọ gan-an ni a kọ.

Ẹni tó bá ní àtakò mìíràn, kí ó kọ ọ́ wá, ní Yorùbá. Ó dìgbà kan ná.